Ìjókòó Ògbufọ̀ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú: Ọ̀rọ̀ fún Olùkọ́ Èdè Abínibí ní Kumasi àti Níbòmíràn

Ìfáárà

Ní ìlú Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà, kò ṣòro láti gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Twi ni èdè onílẹ̀. Hausa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bá ara wọn lò ní àwọn àdúgbò Zongo. Yorùbá náà kò ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí pé àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí àwọn ará Gánà ń pè ní Aláta, ti ń gbé ìlú náà láti ayé ìjọba amúnisìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ tí ìjọba Gánà pa lórí àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń balẹ̀ ní ìlú náà, wimhyɛn ni ọmọ Àṣáńtì yóò pè é, jirgin sama ni ọmọ Hausa yóò pè é, ọkọ̀ òfurufú ni ọmọ Yorùbá yóò pè é. Ìtumọ̀ kan náà ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, èyíinì ni ọkọ̀ tí ń rìn lójú sánmà. Bí a bá sì kúrò ní Kumasi, àwọn Ewe ń pè é ní yameʋu, àwọn Ìgbò ń pè é ní ụgbọ elu. Ọkọ̀ òkè náà ni wọ́n ń wí.

Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó pe àwọn ẹlẹ́dè márùn-ún yìí jọ kí wọ́n lè fẹnu kò lórí orúkọ náà. Olúkúlùkù wo ẹ̀rọ tuntun, ó wo ohun tí èdè rẹ̀ ní nílé, ó sì fún ẹ̀rọ náà lórúkọ. Síbẹ̀, bí a bá dé inú kíláàsì, ẹ̀rọ ti di ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àlọ́, òwe, oríkì àti ọdún ìbílẹ̀ ni a pín fún èdè abínibí. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìpín bẹ́ẹ̀ kò tọ́, kò sì bá ìtàn mu. Ìtàn ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ amí lójú ogun, tí ó wá di ọkọ̀ akólẹ́tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí èdè ṣe fún ẹ̀rọ náà lórúkọ

Nínú àpólà orúkọ náà, ọkọ̀ ni orí, òfurufú sì ni ẹ̀yán tí ó yán an. Ọkọ̀ ojú omi ni Yorùbá kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí reluwé dé, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin; nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́; nígbà tí ẹ̀rọ tí ń fò dé, ẹ̀yán nìkan ni wọ́n tún pààrọ̀. Ọ̀nà kan náà ni Hausa gbà: jirgin ruwa ni ti omi, jirgin ƙasa ni reluwé, jirgin sama ni ti òkè. Ìgbò ní ụgbọ mmiri, ụgbọ ala àti ụgbọ elu. Twi fi hyɛn, tí í ṣe ọkọ̀, kún wim, tí í ṣe ojú sánmà. Ẹni tí ń darí ọkọ̀ òfurufú pàápàá rí orúkọ jẹ: atukọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lójú omi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí olùkọ́ bá ràn lọ́wọ́ láti rí ìlànà yìí ti kọ́ gírámà, ó sì ti kọ́ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí i pé afẹ́fẹ́ ń ṣàn bí omi, ó sì lè gbé ohun tí a bá ṣe dáadáa ró. Ó tún ti rí ìdí tí àmì ohùn fi ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ ni èyí tí ń gbé ènìyàn àti ẹrù. Ọ̀kọ̀ ni èyí tí jagunjagun ń jù lójú ogun. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ni ó là wọ́n láàárín.

Àkọ́ṣe ọkọ̀ amí kan

Ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní gbóná janjan, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Faransé, Louis Breguet, ṣe ọkọ̀ òfurufú tuntun fún àwọn ọmọ ogun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún náà ni àkọ́ṣe ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ fò. Breguet 14 ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ènìyàn méjì ni ó ń gbà, atukọ̀ níwájú, ẹni tí ń wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. A2 ni ti amí, tí ń lọ wo ibi tí ọ̀tá tẹ̀dó sí; B2 ni ti àdó olóró. Egungun ara rẹ̀ kì í ṣe igi bí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Dúrálúmìnì, àdàlù alumíníọ̀mù àti bàbà tí ó le tí ó sì fúyẹ́, ni wọ́n lò jù níbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Ẹ́ńjìnnì Renault tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 300 ni ó ń fà á, ó sì lè sáré tó nǹkan bí 180 kìlómítà ní wákàtí kan. Iye tí wọ́n ṣe lápapọ̀ sún mọ́ 8,000.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìpínrọ̀ òkè yìí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ẹni tí ó mọ àkọ́bí àti àkọ́so kò ní bi ẹnikẹ́ni ohun tí àkọ́ṣe jẹ́. Amí ti wà nínú ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni irú apá tí ọkọ̀ náà ní. Bí a bá ní ọkọ̀ òfurufú alápá méjì ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò béèrè pé ta ni kò ní apá méjì. Ẹyẹ ní apá méjì, ọkọ̀ òfurufú òde òní náà ní ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohun tí ó ya Breguet 14 sọ́tọ̀ ni pé apá rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì fi òpó àti wáyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà ṣẹ́. Nítorí náà, alápá ìpele méjì ni orúkọ tí ó bá a mu. Kí kíláàsì tó fẹnu kò lórí orúkọ yìí, wọ́n ti ní láti wo ẹ̀rọ náà fínnífínní, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ìdí tí a fi gbé apá lé apá. Èyí ni àǹfààní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Ẹni tí ó kàn há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sórí lè gba máàkì láìmọ ohun tí ọkọ̀ náà jọ.

Láti iṣẹ́ amí dé iṣẹ́ lẹ́tà

Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1918, ọkọ̀ òfurufú pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ kò sí fún wọn. Pierre-Georges Latécoère, oníléeṣẹ́ kan ní ìlú Toulouse, rí i pé ohun tí ó lè lọ wo ọ̀tá tí ó sì lè padà bọ̀ lè gbé lẹ́tà lọ pẹ̀lú. Láti ọdún 1919 ni àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ tí àwọn ológun ti lò kó lẹ́tà gba ilẹ̀ Sípéènì lọ sí Mòrókò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1925, wọ́n ṣí ọ̀nà láti Casablanca dé Dakar. Ọ̀nà náà ju 2,500 kìlómítà lọ. Agadir, Cap Juby, Villa Cisneros, Port-Étienne àti Saint-Louis ni ibùdókọ̀ tí wọ́n ń bà sí. Breguet 14 ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àpò lẹ́tà gba ipò àdó olóró. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ tí ó ń gbé aláìsàn ní ìdùbúlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1925, ọkọ̀ ológun mẹ́ta alápá ìpele méjì tí à ń pè ní DH.9A gbéra ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n sì balẹ̀ sí Kano ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ní ọdún 1936, ọkọ̀ Imperial Airways, DH.86, tí òun náà jẹ́ alápá ìpele méjì ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe fún èrò àti lẹ́tà, bẹ̀rẹ̀ sí ná Kano, ó sì dé Èkó láàárín ọdún kan náà. Ọ̀nà tí àwọn ológun kọ́kọ́ dán wò ni lẹ́tà wá ń gbà.

Kò yẹ kí olùkọ́ fi oyin ra ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ìgbà tí àwọn Breguet 14 kan ń kó lẹ́tà kọjá ní Mòrókò, àwọn mìíràn nínú wọn ń ju àdó olóró sí àwọn ará Rif tí ń bá àwọn amúnisìn jà ní ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ìlò tí ènìyàn fi í sí ni ó yàtọ̀.

Ìjókòó ògbufọ̀

Apá ọ̀nà Dakar tí ó léwu jù ni aginjù tí ó wà láàárín Cap Juby àti Port-Étienne. Ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà kì í pẹ́ dákú. Bí ọkọ̀ bá já sílẹ̀, atukọ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mọ́ọ̀ tí wọ́n ni aginjù náà, tí wọn kò sì gba òyìnbó ní ọ̀gá. Wọ́n lè mú un kí wọ́n béèrè owó ìràpadà, wọ́n sì lè pa á. Ní ọdún 1926, wọ́n mú Jean Mermoz, atukọ̀ tí ó lókìkí, owó ni wọ́n sì fi gbà á sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn atukọ̀ mìíràn kú sọ́wọ́ wọn.

Ohun méjì ni iléeṣẹ́ náà ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, wọ́n ń rán ọkọ̀ méjì jáde pọ̀, kí èkejì lè gbé atukọ̀ bí ọ̀kan bá dákú. Èkejì, wọ́n ń gbé ògbufọ̀ tí ó jẹ́ Mọ́ọ̀ sínú ọkọ̀. Ẹni tí ń wo ilẹ̀ fún àwọn ológun ni wọ́n ṣe àyè ẹ̀yìn fún. Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ wá ń jókòó, òun àti àpò lẹ́tà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Lárúbáwá Hassaniya, kí ó sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́ àti ohun tí ó ń wá, kí wọ́n tó yìnbọn. Nígbà tí wọ́n rán Antoine de Saint-Exupéry lọ ṣe olórí ibùdó Cap Juby ní ọdún 1927, òun náà jókòó kọ́ Lárúbáwá, ó sì ń bá àwọn olóyè mu tíì nínú àgọ́ wọn, nítorí pé láìsí èyí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣeé ṣe.

Èyí ni ibi tí ìtàn náà ti kan olùkọ́ èdè. Àwọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá kò ka èdè abínibí sí ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ohun ìrántí àwọn baba ńlá. Wọ́n kà á kún irinṣẹ́, bí epo àti wáyà, wọ́n sì yọ̀ǹda àyè fún un nínú ọkọ̀ tí ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ní ààlà. Bí ọkọ̀ ogun ṣe di ọkọ̀ àlàáfíà ní aginjù yẹn, ẹni tí ó gbọ́ èdè wà lára ohun tí ó mú un ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn atukọ̀ ni ó wà nínú ìwé tí a ń kà káàkiri ayé. Orúkọ àwọn ògbufọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀rọ láìlo èdè ọmọ náà rárá, irú ìgbàgbé yẹn ni ó ń sọ di òfin.

Kumasi àti ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Kumasi jẹ́ ìlú ẹ̀rọ. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó di yunifásítì ní ọdún 1961, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Kwame Nkrumah, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ òfurufú níbẹ̀. Ní Suame, àwọn mẹkáníìkì ń fi Twi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n sì ń fi í tò ó padà. Síbẹ̀ náà, ètò ìkọ́ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ àti èdè pàdé. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Winneba ń kọ́ àwọn olùkọ́ èdè Gánà ní Ajumako. Kumasi ni ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, kí ẹ̀ka Kumasi tó di yunifásítì tirẹ̀ ní ọdún 2020. Ọ̀tọ̀ ni ìlú tí a ti kọ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìlú tí a ti kọ́ ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ.

Ìlànà ìjọba kò sì dúró sójú kan. Ní ọdún 2002, Gánà pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti kíláàsì kìíní. Ní ọdún 2009, wọ́n gbé ètò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kalẹ̀ tí ó tún fàyè gba èdè abínibí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní kí lílo èdè abínibí di dandan. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba Nàìjíríà fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni ní kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni èkejì ń jáde.

Èsì sí àwọn tí kò gbà

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò, nítorí náà àkókò ni a ń fi ṣòfò. Ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò ni ìjọba Nàìjíríà náà gbé síwájú nígbà tí ó yí ìlànà rẹ̀ padà. Ohun tí ó yẹ kí a rántí ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, bóyá nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí nínú iṣẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwé, wọ́n sì ní olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́. Ìlànà tí a kéde láìsí ìwé, láìsí olùkọ́, kì í ṣe èdè ni ó ṣubú bí kò bá yọrí sí rere.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ tó. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú èkejì ní ọdún 1990, ti fi hàn pé bí àwọn onímọ̀ bá jókòó ti iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yóò wà. Orúkọ tí àwọn aráàlú fún ọkọ̀ òfurufú sì ti fi hàn pé wọn kì í dúró de àwọn onímọ̀.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti Kumasi fúnra rẹ̀. Èdè wo ni èdè abínibí nínú kíláàsì tí ọmọ Àṣáńtì, ọmọ Dagbani, ọmọ Hausa àti ọmọ Yorùbá wà? Èdè 11 ni ìjọba Gánà fọwọ́ sí fún ilé-ẹ̀kọ́. Hausa àti Yorùbá kò sí nínú wọn. Bí a bá kàn sọ pé Twi ni, ọmọ Zongo lè rí i bí ìgbà tí a gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀ tí a sì fi èdè àjèjì mìíràn rọ́pò. Kò sí òògùn kan tí ó wo èyí pátápátá. Ṣùgbọ́n wimhyɛn, jirgin sama àti ọkọ̀ òfurufú ń fi ọ̀nà kan hàn. Níbi tí àwọn èdè bá ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lọ́nà kan náà, olùkọ́ lè fi Twi kọ́ni, kí ó sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ohun náà wá láti ilé rẹ̀, kí wọ́n kọ wọ́n sójú pátákó, kí wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe jọra. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ yóò mọ̀ pé ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ kan òun náà.

Àwọn àmọ̀ràn

Èkíní, kí olùkọ́ èdè abínibí yan ẹ̀rọ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi èdè náà sọ ìtàn rẹ̀, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí ènìyàn fi ṣe, rere àti búburú.

Èkejì, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí ó tó ṣí ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àjọ WAEC máa lo àyọkà lórí ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì nínú ìdánwò èdè Yorùbá àti ti àwọn èdè Gánà. Ohun tí ó bá wà nínú ìdánwò ni olùkọ́ ń kọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ èdè àti àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ jọ kọ ìwé kékeré fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí àwọn mẹkáníìkì sì bá wọn jókòó.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé kí ọmọ Kumasi tàbí ọmọ Ìbàdàn má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò nílò rẹ̀ bí ó bá dé yunifásítì. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a má lé èdè ilé rẹ̀ jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀rọ. Àwọn oníléeṣẹ́ tí kò ní ìfẹ́ kankan sí àṣà Áfíríkà, tí lẹ́tà àti owó nìkan wà lọ́kàn wọn, wá àyè fún ẹlẹ́dè abínibí nínú ọkọ̀ tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Kíláàsì fẹ̀ ju ìyẹn lọ.